Báàsì Tí Kò Dákẹ́ ní Torino

Ọmọkùnrin kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Padova, ní Italy níbí, ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Yunifásítì ló wà, ó ń kọ́ nípa ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ kan, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Bọ̀dá Kúnlé, mo fẹ́ fi ìwé sílẹ̀ kí n gbájú mọ́ gìtá. Kí lẹ rí sí i?" Mo ní ṣé ìyá ẹ ti gbọ́? Ó ní rárá. Mo ní ó dáa, èmi náà ò tíì gbọ́, jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹun. Àwọn tó dúró tì wá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ọ̀hún kò lọ lọ́fun mi bó ṣe yẹ. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi tẹ okùn gìtá báàsì kí n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ yìí ò sì bi mí rí pé kí ló dé tí mo fẹ̀yìn tì. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí o, mi ò tíì darúgbó. Irun orí mi ló kánjú. Ìdáhùn mi rèé, fún òun àti fún ẹni yòówù tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Tó bá jẹ́ owó lẹ ń wá, ẹ padà sídìí ìwé yín. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Òṣogbo ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá Láyí ni wọ́n ń pe ọ̀gá mi. Wáyà iná ni wọ́n ń fà sínú ilé onílé láàárín ọ̀sẹ̀, báàsì ni wọ́n ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Wọ́n ga, wọ́n tín-ínrín, wọn kì í rẹ́rìn-ín. Tẹ́ ẹ bá rí wọn lórí àkàbà, ẹ lè rò pé ara àkàbà ni wọ́n.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí mo lọ bá wọn. Oṣù mẹ́fà gbáko, mi ò fọwọ́ kan báàsì. Pákó kan ni wọ́n gbé fún mi, wọ́n ti fi ìṣó kan okùn gìtá mẹ́rin tó ti gbó mọ́ ọn. Wọ́n ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ títí ìka mi á fi le. Pákó náà ò dún. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìnkùlé, èmi ń tẹ pákó. Ìyá mi wò mí títí, wọ́n ní, "Kúnlé, ó dá ẹ lójú pé ọkùnrin yìí ò kàn fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́?" Ìka mi bó, ó san, ó tún bó. Nígbà tó di oṣù keje, Ọ̀gá Láyí di ìka mi mú, wọ́n tẹ orí rẹ̀ bí ẹni tó ń wò ó bóyá búrẹ́dì ti jinná, wọ́n ní, "Ó ń bọ̀." Ìyìn kan ṣoṣo tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn láàárín ọdún mẹ́rin nìyẹn, kò sì dá mi lójú pé ìyìn ni.

Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta báàsì gidi, ẹ̀yìn mi ni wọ́n máa ń dúró sí nínú ìsìn. Tí mo bá ṣi okùn tẹ̀, wọn ò ní sọ nǹkan kan, wọ́n á kàn fi ìka méjì kàn mí lẹ́yìn ọrùn. Ìka wọn tutù. Títí dòní, tí èèyàn bá ṣèèṣì fara kàn mí lọ́rùn nínú tram, mo máa ń kọ́kọ́ ronú pé kí ni mo ṣì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sínú irú ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ bó ṣe máa ń rí. Tí àdúrà bá gbóná, àwọn èèyàn á máa ṣubú. Pásítọ̀ á gbọ́wọ́ lé wọn lórí, àwọn ọ́ṣà á gbá wọn mú látẹ̀yìn, wọ́n á tẹ́ wọn sílẹ̀, wọ́n á fi aṣọ bo ẹsẹ̀ àwọn obìnrin. Orin kì í dúró. Ìgbà yẹn gan-an ló máa ń le sí i. Ṣùgbọ́n ta ló ti sọ ìyẹn fún mi? Ìsìn kẹta tí mo bá wọn ta báàsì, ìyá kan tó sanra ṣubú gbì níwájú mi, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀rù bà mí, mo gbọ́wọ́ kúrò lórí okùn. Àwọn akọrin ṣìnà, onílù ṣìnà, Pásítọ̀ fúnra wọn bojú wẹ̀yìn.

Lẹ́yìn ìsìn, Ọ̀gá Láyí mú mi lọ sẹ́yìn ilé.

"Kí ló dé tó o dúró?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo rí ìyá yẹn tó ṣubú ni."

"O rí i. Ojú ẹ dáa. Ṣé dókítà ni ẹ́?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ọ́ṣà ni ẹ́?"

"Rárá, sà."

"Kí wá ni ẹ́?"

"Báàsì ni mí, sà."

"Báàsì ni ẹ́. Àwọn tó máa gbé ẹni tó ṣubú wà níbẹ̀. Tí ìwọ bá dúró, gbogbo ilé ló ṣubú."

Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, kí n gbé báàsì sókè orí títí apá mi fi ń gbọ̀n. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Kò parí. Nígbà ìfidánrawò ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí àwọn akọrin máa ṣubú níwájú mi lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n máa ta báàsì lọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé inú àwọn èèyàn náà dùn sí i! Arákùnrin kan ṣubú bí igi tí wọ́n gé, òmíràn ń jà pìtìpìtì nílẹ̀ bí ẹja. Sísítà kan tiẹ̀ kígbe orúkọ mi pé, "Kúnlé, gbà mí o, mo ń kú lọ!" Mo rẹ́rìn-ín, ìka tútù kàn mí lọ́rùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin la fi ṣe é. Nígbà tó parí, ẹ lè da omi lé mi lórí, ọwọ́ mi ò ní kúrò lórí okùn. Ọgbọ́n tí mo fi jẹun lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló bẹ̀ mí lọ́wẹ̀ torí ẹ̀.

Bí mo ṣe dé Italy kò yàtọ̀ sí bí àwọn tó kù ṣe dé, mo máa fò ó. Via Anelli ni mo kọ́kọ́ gbé ní Padova, nígbà tí ògiri irin tí ìjọba ìlú fi sé àdúgbò àwa àlejò mọ́ ṣì wà níbẹ̀, àwa mẹ́rin nínú yàrá kan, báàsì mi ni ìkarùn-ún. Iṣẹ́ magazzino, ilé ìkẹ́rùsí, ni mo ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Ní Sọ́ńdè, mo ń ta báàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó wà nínú capannone kan, gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ti ń kó táyà sí tẹ́lẹ̀. Òórùn táyà kò kúrò níbẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Bùsọ́lá, ìyàwó mi, ibẹ̀ la ti kó ọmọ wa Tèmí jáde.

Magazzino yẹn náà ni mo ti mọ Matteo. Ọmọ Torino ni, ìwé ló gbé e wá sí Padova, kò parí ìwé, kò sì padà sílé. Lójoojúmọ́ ló máa ń rí mi tí mo ń fi ìka lu páálí kí a tó kó o sórí pálẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ṣé o máa ń ta gìtá?" Mo ní báàsì. Ojú rẹ̀ là bí ẹni tó rí kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ tó sọnù. Ó ní òun ní ẹgbẹ́ olórin kan, òun àti obìnrin kan, báàsì làwọn ò ní.

Mo bá a lọ sí sala prove wọn, ibi tí wọ́n ti ń dánra wò, yàrá ìsàlẹ̀ ilẹ̀ kan lábẹ́ ilé ìtẹ̀wé, ògiri rẹ̀ ń làágùn. Mo gbọ́ orin tí wọ́n ń kọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, tí firíjì bá ń bàjẹ́ lọ tó sì mọ̀ pé òun ń bàjẹ́ lọ, irú orin tó máa kọ nìyẹn. Gìtá Matteo ń han gooro bí ẹni tó ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Obìnrin tó ń kọrin, Chiara, ọmọ Vicenza, ilé iṣẹ́ awọ ni bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ títí ó fi kú. Kò tiẹ̀ kọrin. Ńṣe ló ń sọ̀rọ̀ sínú máìkì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ka lẹ́tà tí wọ́n fi lé e kúrò nílé. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ìlà kẹta, irun ọwọ́ mi dìde. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohùn tó kéré tó bẹ́ẹ̀ sọ ìbànújẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, igbe la máa ń fi sọ ọ́.

Mo gbé báàsì mi síbẹ̀. Nígbà tí orin parí, èmi ṣì ń ta.

Chiara bojú wò mí, ó ní, "Maestro, a ti parí."

Mo ní, "Mo gbọ́."

Ó ní, "A ti délé. A ti jẹun. A ti wọ pajámà."

Àwàdà tó fi ń bá mi ṣe nìyẹn títí ẹgbẹ́ náà fi tú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, báàsì kì í dúró títí ọ̀gá yóò fi gbọ́wọ́ sókè. Èmi ń wá ọwọ́ tó máa gbé sókè, kò sẹ́ni tó gbé e.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà, èmi ni mo ṣèèṣì sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan, mo ti tò láti àárọ̀ ní ọ́fíìsì kan nítorí permesso, ìwé ìgbélùú mi. Nígbà tó kàn mí, obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì gbé pátákó kékeré kan dúró, ó dìde, ó lọ. Mo dé sala prove pẹ̀lú ìbínú. Matteo ní kí ló ṣe mí. Mo ní, "Sportello chiuso!" Wọ́n ti ti fèrèsé mọ́ mi lójú! Chiara kọ ọ́ sára ògiri kí n tó bọ́ kóòtù mi tán. Bí a ṣe di Sportello Chiuso nìyẹn. Bùsọ́lá ní, "Nínú gbogbo orúkọ orí ilẹ̀ ayé, èyí tí wọ́n fi lé èèyàn padà lẹ́nu ọ̀nà lẹ rí mú." Ó sì máa ń fi í kí mi: "Ọ̀gbẹ́ni Sportello, ẹ káàbọ̀."

Ẹgbẹ́ náà kò pé ọdún mẹ́ta. A ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, orin márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Chiara, Matteo àti èmi la ò yí padà, àmọ́ àwọn onílù ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ríṣẹ́ sí Germany. Ẹnì kejì gbéyàwó, ìyàwó ní kó yan ọ̀kan. Ẹnì kẹta mọ ìlù lù gan-an, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí báàsì máa darí òun, bẹ́ẹ̀ òfin wa ni pé kí gbogbo wa máa tẹ̀ lé báàsì. Matteo ló gbé òfin náà kalẹ̀, torí pé tí ó bá ń ta gìtá, ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí gbogbo èèyàn, ara áńpù rẹ̀ ló máa ń kọjú sí. Ó ní ojú èèyàn ń dà òun láàmú. Mo ní, "Ìwọ lo pe àwọn èèyàn wá, o tún kẹ̀yìn sí wọn." Ó ní, "Mo ń gbọ́ báàsì rẹ. Ìyẹn ti tó mi." Ẹnì kẹta bínú lọ ní Brescia, a ò tíì já ẹrù tán nínú ọkọ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, Matteo ní ọ̀rọ̀ onílù ti tó. Ó lọ ra ẹ̀rọ kan tí kò tóbi ju búrẹ́dì kékeré lọ, tó ń lùlù fúnra rẹ̀. Ó ní, "Èyí ò ní gbéyàwó, kò ní lọ sí Germany, kò ní bínú." Ẹsẹ̀ la fi ń tẹ bọ́tìnì rẹ̀, wọ́n sì gbé e sábẹ́ ẹsẹ̀ tèmi. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, á bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá tún un tẹ̀, á dákẹ́. Tí ẹnikẹ́ni ò bá tẹ̀ ẹ́, á máa lù ú lọ títí iná á fi lọ, ní Italy iná kì í sì í lọ. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ náà. Kì í ṣìnà, kì í rẹ̀ ẹ́. Ohun tí mi ò rò nígbà yẹn ni pé onílù tó jẹ́ èèyàn máa ń jókòó sẹ́yìn gbogbo wa, ó sì máa ń rí gbogbo wa. Ẹ̀rọ ò lójú.

Wọ́n pè wá láti wá ṣeré ní Torino. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nínú ilé iṣẹ́ àtijọ́ kan tí àwọn ọ̀dọ́ ti sọ di ibi ìgbafẹ́. Ìlú Matteo ni, kò tíì ta gìtá níbẹ̀ rí. Mo sọ fún Bùsọ́lá nígbà tó ń lọ ata.

"Sọ́ńdè? Sọ́ńdè ọjọ́ ìsìn?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni."

"Ta ló máa ta báàsì?"

"Wọ́n á kọrin láìsí báàsì. Dáfídì ò ní báàsì."

"Má fi Dáfídì bo ara ẹ mọ́lẹ̀ o, Kúnlé."

Tèmí gbórí sókè nídìí ìwé rẹ̀, ó ní, "Mamma, lascialo andare. È contento." Inú bàbá òun dùn, kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó lọ. Bùsọ́lá wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó padà sídìí ata rẹ̀. Bí mo ṣe lọ nìyẹn.

Chiara ti ń sọ nínú ọkọ̀ pé orí ń fọ́ òun. Mo fún un lómi. Matteo ní ká dúró ra oògùn, Chiara ní ká máa lọ, oorun ni kò tó òun.

Èèyàn tó wà níbẹ̀ ò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n sún mọ́ wa gan-an. A kọ orin mẹ́ta. Àárín orin kẹrin, mo rí ọwọ́ ọ̀tún Chiara tó ń yọ̀ kúrò lára máìkì, bí ẹni tó gbàgbé pé òun ní ọwọ́. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ṣubú. Ó máa ń wólẹ̀ nígbà mìíràn tó bá ń kọrin, àwọn tó ń wòran sì fi ìyẹn mọ̀ ọ́n. Èyí kì í ṣe ìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ ló fi ṣubú, orí rẹ̀ kọjú sí mi, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wò mí.

Mo rí i. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á mọ̀ dájú pé mo rí i, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe eré.

Ọwọ́ mi kò dúró. Ó tún le sí i. Ara mi ti ń retí àwọn ọ́ṣà. Mo ń wò ó pé wọ́n máa yọ láti apá òsì, wọ́n á gbé e, wọ́n á fi aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀, kí èmi sì máa bá iṣẹ́ mi lọ. Kò sí ọ́ṣà ní Torino. Àwọn tó ń wòran pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé eré ti gbóná. Matteo tó kẹ̀yìn sí wa gbọ́ bí báàsì ṣe le, ó rò pé orin ló gbé mi, òun náà tẹ̀ lé mi. Ẹ̀rọ náà ń lù ú lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. A ta orin náà tán. Mi ò tẹ bọ́tìnì. A tún ti ibẹ̀ wọ orin tó kàn.

Obìnrin kan ní iwájú ló pariwo, "Ma questa sta male!" Ara ẹni yìí ò yá! Nọ́ọ̀sì ni, a mọ̀ nígbà tó yá. Ó fò sórí pèpéle, ó fa okùn iná báàsì mi yọ lára áńpù. Ìgbà yẹn ni mo dákẹ́. Matteo yíjú padà. Ẹ̀rọ náà ṣì ń lù ú, nọ́ọ̀sì ń kígbe pé kí a pa á, mo sì dúró bí ère. Matteo ló wá tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ní ọsibítù, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú ọpọlọ rẹ̀. Matteo bi í bóyá ì bá sàn jù bẹ́ẹ̀ ká ní a tètè rí i. Dókítà ní òun ò lè sọ. Ó lè ṣe ìyàtọ̀, ó lè má ṣe é. Lẹ́yìn tó lọ, Matteo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kọ́rídọ̀. Ó ní, "Mo kẹ̀yìn sí i. Mítà méjì péré, mo kẹ̀yìn sí i." Ó gbójú sókè wò mí. "Ìwọ náà ò rí i, àbí?"

Mo ní, "Mi ò rí i."

Irọ́ náà ò gbà mí ní àsìkò kankan. Ó jáde bí èémí.

Chiara ò kú. Apá ọ̀tún rẹ̀ ò lè gbé nǹkan bó ṣe yẹ mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ di èyí tó ń wá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ wa tú, kò sẹ́ni tó kéde rẹ̀. Matteo ta gìtá rẹ̀, ó fi magazzino sílẹ̀, ó padà sí Torino sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá bi í, ohun kan náà ló ń sọ: òun ló wà nítòsí, òun ló kẹ̀yìn sí i. Ó sọ ọ́ fún ìyá Chiara náà, ó kúnlẹ̀ sọ ọ́. Mo wà níbẹ̀. Mo na ọwọ́ fà á dìde, mo ní, "Má ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ." Òótọ́ ni mo sọ, mo sì fi òótọ́ tó kù pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Mo padà sídìí báàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn èèyàn yọ̀ mọ́ mi, wọ́n ní ọmọ onínàákúnàá ti padà sílé. Pásítọ̀ ní, "Brother Kúnlé, God is in control." Mo ní àmín. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí ẹnì kan bá ti ṣubú níwájú, ojú Chiara ni mo máa ń rí, ọwọ́ mi á sì máa ta lọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Ọkàn mi ti dúró, ọwọ́ ò dúró.

Oṣù mẹ́jọ kọjá báyìí. Lọ́jọ́ kan tí Bùsọ́lá ń ká aṣọ, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé á bú mi, mo tiẹ̀ fẹ́ kó bú mi. Ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó gbé e lé orí èyí tó kù.

Ó ní, "Bàbá Tèmí, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ sọ fún kọ́ ni mí."

Lọ́jọ́ kejì mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Vicenza. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni mo débẹ̀. Ìyá Chiara ló ṣílẹ̀kùn, wọ́n fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́, wọ́n ní kí n wọlé sí kíṣìnnì, àwọn fẹ́ lọ ra nǹkan nísàlẹ̀. Chiara jókòó sídìí tábìlì. Àwo méjì wà níwájú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún mú ẹ̀wà lọ́kọ̀ọ̀kan nínú èyí tó kún lọ sínú èyí tó ṣófo. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ní ilé ìtọ́jú ni. Tó bá mú ọ̀kan, ọ̀kan á já bọ́.

Ó ní, "Maestro." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín.

Mi ò jókòó. Mo mọ̀ pé tí mo bá jókòó, a máa sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́. Mo ní, "Chiara, mo rí ẹ. Ní Torino. Nígbà tó o ṣubú, mo rí ẹ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe eré. Mi ò dúró. Mo sọ fún gbogbo èèyàn pé mi ò rí ẹ, irọ́ ni."

Ó ń wo ẹ̀wà. Ó mú ọ̀kan, ó já bọ́.

Ó ní, "Mo mọ̀."

Ó sinmi. Ó wá ọ̀rọ̀ tó kàn.

"Mo ń wò ẹ́. Mi ò lè sọ̀rọ̀. Mo ń gbọ́ báàsì." Ó tún sinmi. "Mo ń sọ nínú mi pé: tó bá dákẹ́, á jẹ́ pé wọ́n ti rí mi. Mo ń dúró kó dákẹ́."

Mo fi ọwọ́ di ẹ̀yìn àga mú.

"Ó gùn," ni ó wí.

Mo ní kó má bínú. Ní èdè wọn àti ní èdè wa, mo sọ ọ́ ní méjèèjì, kò sí èyí tó tó nínú wọn. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí, kò sì sọ pé òun ò dárí jì mí. Ó bi mí pé, "Matteo mọ̀?"

"Rárá."

Ìgbà yẹn ni mo tó rí ìbínú lójú rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó gbé ọwọ́ òsì, ó ti fóònù rẹ̀ kọjá láàárín àwo méjèèjì títí ó fi kan ọwọ́ mi.

"Pè é."

"Chiara, jẹ́ kí n lọ bá a fúnra mi, kí n—"

"Níbí."

Mo pè é. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹrin. Matteo gbé e, ó rò pé Chiara ni, ohùn rẹ̀ rọ̀: "Pronto, Chiara?" Mo ní Kúnlé ni. Mo ní mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo wá sọ ọ́, bí mo ṣe sọ ọ́ fún Chiara gẹ́lẹ́, mi ò yọ nǹkan kan kúrò: pé mo rí i, pé mo mọ̀, pé òun tẹ̀ lé báàsì mi torí pé òfin wa ni pé kó tẹ̀ lé e, pé oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń wò ó tó ń ru ẹrù mi kiri.

Mo gbọ́ ariwo ọkọ̀ ní ìgboro Torino lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo dúró. Mi ò sọ nǹkan kan dí àyè yẹn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó pa fóònù náà.

Chiara ní, "Kí ló wí?"

Mo ní, "Kò sọ nǹkan kan."

Ó mi orí. Ó nawọ́ gba fóònù rẹ̀ padà, ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Mo fa àga, mo jókòó. Ọ̀kan já bọ́ sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ kí n bá a mú un.

Ó ní, "Fi sílẹ̀."

Mo fi sílẹ̀. Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì lé orí tábìlì, wọ́n sì dúró síbẹ̀.